Mo ti ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà lórí mọ́ṣáláṣí Àjàṣẹ́ yìí o

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Àjàṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin ni mo ti ń kọ̀wé yìí, ìlú tẹ́ ẹ máa rí lórí máàpù pé wọ́n kọ Porto-Novo sí, táwọn Gùn ń pè ní Hogbonu, ìlú kan náà ni o, orúkọ ló pọ̀ lórí ẹ̀. Ìwé ìròyìn yín máa ń gba ẹnubodè Ìgòlò dé ọ̀dọ̀ wa, nígbà míì ó ti máa ń pé ọ̀sẹ̀ méjì kó tó kàn mí, ẹlòmíì á ti ya ojú ìwé bọ́ọ̀lù lọ, àmọ́ èyí tó bá ṣẹ́ kù màá kà á tán. Torí náà mi ò wá fèsì sí ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni. Ẹjọ́ ara mi ni mo wá rò, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi gbé e jáde torí pé ọ̀dọ̀ yín lọ́hùn-ún ni àwọn tí mo ṣẹ̀ wà, mi ò sì ní nọ́ńbà fóònù wọn.

Zẹ́mì ni mo ń gùn, ohun tẹ́yin ń pè ní ọ̀kadà. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti wà lẹ́nu ẹ̀. Torí pé mo gbọ́ Yorùbá, mo gbọ́ Gùn, mo sì lè fi Faransé jà dé àyè kan, èmi làwọn yòókù máa ń tì síwájú tí àlejò bá ti Èkó tàbí Abẹ́òkúta tàbí Ìbàdàn dé, tí wọ́n ní ká gbé àwọn yí ìlú ká. Mo ní ọ̀nà tí mo máa ń gbà, mi ò kì í yí i padà. Màá kọ́kọ́ gbé wọn lọ sí ààfin Honmè níbi tí Ọba Tòfá jókòó sí, látibẹ̀ a máa gba ilé àwọn da Silva tí wọ́n kó nǹkan ayé àtijọ́ àwọn Àgùdà sí, wọ́n á ra omi mu, wọ́n á ya fọ́tò, lẹ́yìn náà ni mo máa wá fi mọ́ṣáláṣí ńlá àtijọ́ tó wà lẹ́bàá ọjà parí ẹ̀. Níbẹ̀ ni mo ti máa ń pa zẹ́mì, màá bọ́ sílẹ̀, màá gbọn eruku ẹ̀wù mi nù, torí ibẹ̀ lowó mi wà.

Ẹni tí kò bá tíì rí mọ́ṣáláṣí yẹn rí, ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú. Ilé gogoro méjì ló wà níwájú ẹ̀, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, ẹnu ọ̀nà wà láàárín, fèrèsé tó ṣe rìbìtì lókè, òdòdó tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì ṣe, òpó tí kò gbé nǹkan kan ró tí wọ́n kàn lẹ̀ mọ́ ògiri fún ẹwà, wọ́n wá fi ọ̀dà oríṣiríṣi kùn ún, ọ̀dà náà sì ti ń ṣí bí èèpo ẹ̀pà. Bí wọ́n bá gbé fọ́tò ẹ̀ fún Fadá láì sọ nǹkan kan fún un, ọwọ́ Fadá á ti dé iwájú orí kó tó rántí bi yín pé ibo nìyí. Tí kì í bá ṣe ìrun tí wọ́n ń pè, àlejò ò lè mọ̀ láéláé.

Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn rèé: "Ẹ wò ó dáadáa, ṣọ́ọ̀ṣì lèyí tẹ́lẹ̀. Àwọn Potogí ló kọ́ ọ. Ìgbà tí wọ́n fẹ́ máa lọ sílé wọn, àwọn bàbá wa tó jẹ́ Mùsùlùmí dáwó jọ, wọ́n rà á, wọ́n yọ àgbélébùú, wọ́n ri agogo mọ́lẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹní." Ẹ ò rí bí ẹnu ṣe máa ń yà wọ́n. Àwọn obìnrin á ní "háà!", àwọn ọkùnrin á ní "mo ti fura", wọ́n á tún fọ́tò yà, wọ́n á fi 500 sẹ́fà lé owó mi.

Ẹ̀yin olóòtú, irọ́ ni gbogbo ẹ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tó ti wá, kẹ́ ẹ má baà rò pé jìbìtì ni mo fi ń jẹun.

Mo máa tó ọmọ ọdún méje. Ìyá mi ń ta ẹ̀kọ nínú ọjà, tí ilé ìwé bá ti jáde ọ̀dọ̀ ẹ̀ là ń lọ, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ọmọ ìyá kan náà ni wá. Ìyá wa ò fẹ́ kí ọwọ́ wa dé ibi igbá ẹ̀, á ní ká yé dènà oníbàárà, á lé wa, a ó wá lọ jókòó síbi òjìji mọ́ṣáláṣí. Ọjọ́ kan ni ẹ̀gbọ́n mi na ìka sí ilé gogoro yẹn, ó ní ṣé mo mọ̀ pé ṣọ́ọ̀ṣì ni, ó ní agogo ẹ̀ ṣì wà nísàlẹ̀ ilẹ̀, wọ́n rì í síbẹ̀ torí kò sẹ́ni tó lè gbé e, àti pé téèyàn bá fi etí lé ògiri lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, á gbọ́ ọ. Mo fi etí lé ògiri. Ògiri yẹn gbóná torí oòrùn ti ń pa á látàárọ̀, ẹ̀fúnfún ọ̀dà ń kù sí mi létí, mo di èémí mú. Mo sì gbọ́ ọ! Ọlọ́run ló mọ̀ pé mo gbọ́ ọ, gbọ̀-ọ̀ngan, gbọ̀-ọ̀ngan, lókèèrè réré, bí ohùn tó ń ti inú kànga bọ̀. Mo fò sókè, mo sá tọ ìyá mi lọ, mo fẹsẹ̀ da igbá ẹ̀kọ ẹlòmíì nù, ìgbátí tí mo jẹ lọ́jọ́ yẹn gan-an ló jẹ́ kí n gbà pé òótọ́ lọ̀rọ̀ náà, torí kí ni mo wá jẹ irú ìyà yẹn lé lórí tó bá jẹ́ irọ́.

Ọmọ Mùsùlùmí sì ni mí o, ilé kéú ni mo ń lọ tí ilé ìwé bá ti gba ìsinmi. Ibi tọ́rọ̀ náà ti ń dùn mí nìyẹn. Nílé ìwé àwọn ọmọ Páàdì máa ń fi wá ṣẹ̀sín, wọ́n á ní "ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń forí kanlẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa, owó ilé dà?" Mi ò rí èsì fún wọn torí èmi fúnra mi ti fi etí ara mi gbọ́ agogo. Mo ti bá ọ̀kan jà rí, eyín mi kan kán níbẹ̀, ó ṣì wà bẹ́ẹ̀. Mi ò lè bi bàbá mi. Bàbá mi kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń bi léèrè nǹkan, tó o bá ní "Bàbá, kí ló dé tí…", á ní ṣé o ti pọnmi. Mo wá fúnra mi wá èsì: owó la fi rà á, a ò jí i. Mo máa ń sọ ọ́ ní kíláàsì pẹ̀lú àyà gbangba, ẹni tó ra ilé ló nilé, àbí? Ẹ ṣàkíyèsí pé ẹ̀gbọ́n mi ò sọ pé wọ́n rà á o, èmi ni mo fi owó sí i. Nígbà tí mo máa fi di géńdé mo ti gbàgbé pé èmi ni mo fi í sí i, ó ti bá ìyókù lọ, ó ti di ìtàn. Ìgbà tí mo wá ń gbé àlejò kiri, mo tiẹ̀ ti ń dárúkọ iye, mo ní àpò owó ẹyọ báyìí-báyìí ni wọ́n san. Owó ẹyọ o!

Ọjọ́ tí àṣírí tú, lẹ́yìn Iléyá tó kọjá ni. Tọkọtaya kan ti Èkó wá pẹ̀lú ọmọ wọn obìnrin, ọmọ náà á tó ọdún mẹ́sàn-án. Ìyá àti ọmọ wà lẹ́yìn mi, ọkọ wà lẹ́yìn ọ̀rẹ́ mi kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́. A dé iwájú mọ́ṣáláṣí ó kù díẹ̀ kí wọ́n kí àláásárì. Bàbá arúgbó kan jókòó sórí àga gbọọrọ níbi òjìji ògiri, ó dé fìlà funfun, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ ẹ̀. Mi ò kà á sí. Mo bẹ̀rẹ̀ ìtàn mi. Bí mo ṣe dé ibi "wọ́n dáwó jọ" ni mo gbọ́ tẹ́nì kan rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín ẹ̀sín o, irú ẹ̀rín tí àgbàlagbà máa ń rín tí ọmọdé bá ní ìyá òun lòun máa fẹ́ tóun bá dàgbà.

"Ọmọ mi, wá ná. Èló ni wọ́n rà á?"

Mo ní, "Bàbá, ẹ kú ìjókòó o. Wọ́n ní àpò owó ẹyọ ni."

"Ta ló gbowó?"

"Àwọn Potogí ni, Bàbá."

"Potogí wo?"

Ẹnu mi wọhò. Mi ò mọ orúkọ Potogí kankan láyé yìí. Bàbá ní tó bá jẹ́ orúkọ Potogí ni mò ń wá, òun ní ọ̀kan, ó wá dá orúkọ ara ẹ̀ àti ti bàbá ẹ̀. Mi ò ní kọ ọ́ síbí torí mi ò gbàṣẹ, àmọ́ orúkọ Àgùdà pọ́ńbélé ni, irú da-nǹkan do-nǹkan yẹn.

Ìyá Èkó ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú sà, Bàbá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ Àgùdà, kí lẹ wá ń fi tẹ̀sùbáà ṣe? Ṣé ẹ ti wá ṣe Mùsùlùmí ni?"

Ọ̀rọ̀ tí obìnrin yẹn sọ, ibẹ̀ gan-an ni gbogbo wa ti ń ṣìnà. Ní Èkó tẹ́ ẹ bá ti pe Àgùdà, ìjọ Páàdì ló máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn. Àwa náà níbí, a mọ̀ pé Àgùdà làwọn tó ti Bràsíìlì dé, àwọn tó ń jó Burinyan nínú oṣù January, àwọn tó mọ ẹ̀wà fẹ̀ṣuádà sè, lọ́kàn wa gbogbo wọn pátá ló ń lọ Máàsì. Àgùdà tó ń kírun, létí Yorùbá, ó dà bí ẹni ní ewúrẹ́ ń gbó.

Bàbá ò bínú. Ó ní, "Ìyàwó mi, mi ò ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe é. Mùsùlùmí ni mí, Mùsùlùmí ni bàbá mi, Mùsùlùmí ni bàbá bàbá mi, bírìkìlà sì ni." Ó ní ká jókòó. Ọkọ obìnrin yẹn wo aago, ìyàwó ẹ̀ wò ó lójú, ó jókòó.

Ó ní nígbà tí ogun ń ja ilẹ̀ Ọ̀yọ́ àti àyíká ẹ̀, tí wọ́n ń kó èèyàn tà sí òkè òkun, ọ̀pọ̀ Yorùbá ló bá ara ẹ̀ ní Bahia ní Bràsíìlì, Mùsùlùmí sì pọ̀ nínú wọn, àwọn kan mọ kéú kọ, wọ́n mọ̀ ọ́n kà, nígbà tí ọ̀gá tó fowó ra ẹlòmíì nínú wọn ò mọ ìwé kankan rárá. Àwọn ará ibẹ̀ ń pè wọ́n ní Malê. Ó ní ká pè é dáadáa. Ọmọ kékeré yẹn ló kọ́kọ́ mú un, ó ní "ìmàle!" Bàbá ní bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ wa ni wọ́n gé lórí. Ó ní nínú oṣù January 1835, inú ààwẹ̀ Ràmàdánì ló bọ́ sí, àwọn Malê yìí dìde lóru ní ìlú Salvador láti gba ara wọn sílẹ̀, wọ́n wọ aṣọ funfun, tírà wà lọ́rùn wọn. Apá wọn ò ká a, ìjọba borí wọn. Wọ́n pa àwọn kan, wọ́n na àwọn kan ní pàṣán, wọ́n kó àwọn kan sínú ọkọ̀ ojú omi padà sí ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú. Lẹ́yìn ìyẹn làwọn míì tó ti ra ara wọn padà náà ń tu owó ọkọ̀ jọ, wọ́n ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń sọ̀ sí Èkó, sí Wídà, sí Àjàṣẹ́ níbí.

Mo bi í pé orúkọ Potogí tí wọ́n wá ń jẹ́ ńkọ́. Ó ní wọ́n ti da omi sí wọn lórí lọ́hùn-ún, wọ́n ti fún wọn lórúkọ, ó ní "orúkọ lè bá èèyàn délé, ìyẹn ò ní kó má mọ ìhà ibi tí Mẹ́kà wà." Ó ní ṣé mi ò gbọ́ orúkọ Ignacio Paraiso rí ni, láàárín Mùsùlùmí Àjàṣẹ́ láyé Faransé, èèyàn ńlá ni. Mo ti gbọ́ ọ. Ẹnu ọ̀nà ilé àwọn Paraiso ni mò ń gbà kọjá lójoojúmọ́ ayé mi, mi ò sì fìgbà kankan bi ara mi pé kí ni Mùsùlùmí ń fi irú orúkọ yẹn ṣe. Ẹ gbà mí.

Ó wá dé orí ilé náà fúnra ẹ̀. Ó ní kí làwọn tó ti Bràsíìlì dé kó bọ̀ wálé? Iṣẹ́ ọwọ́. Bírìkìlà, káfíńtà, télọ̀. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́ṣáláṣí yìí ní 1912, tí wọ́n fẹ́ ilé ńlá tó máa dúró, ta ni wọ́n máa pè? Ilé Ọlọ́run wo sì ni àwọn yẹn mọ̀ tó tóbi, tó lẹ́wà, tí wọ́n kọ́ṣẹ́ ẹ̀ sọ́wọ́? Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì Bahia ni. Ó ní, "Télọ̀ tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹni tó ń rán kóòtù, gbé àǹkárá fún un, kóòtù ló máa fi rán." Wọ́n wá fi ọwọ́ tí wọ́n fi ń ṣe ṣọ́ọ̀ṣì ṣe mọ́ṣáláṣí, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n sì fi ṣe é. Látìgbà tí wọ́n ti fi ìpìlẹ̀ lé ilẹ̀, ìrun ni wọ́n ń kọ́ ọ fún. Kò sí pẹpẹ níbẹ̀ rí, kò sí àgbélébùú tí ẹnikẹ́ni yọ.

"Ní 1912 tí mò ń wí yìí," bó ṣe wí nìyẹn, ó sì wá kọjú sí èmi nìkan, "Faransé ló ń pàṣẹ níbí. Tòfá ti kú láti 1908. Faransé fúnra wọn, 1960 ni wọ́n tó lọ. Potogí wo ló ń palẹ̀ ẹrù mọ́ ní Àjàṣẹ́ tó wá ń ta ṣọ́ọ̀ṣì?"

Mi ò rí nǹkan sọ. Mo ń wo bàtà mi.

Ìgbà yẹn ni ìyá Èkó fọwọ́ lu itan. Ó ní "Shitta-Bey!" Ó ní òun máa ń ná ọjà ládùúgbò Martins Street ní Ìsàlẹ̀ Èkó, iwájú mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey lòun ń gbà kọjá, bó ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn, òdòdó sìmẹ́ǹtì, fèrèsé rìbìtì, àwọ̀ mèremère. Bàbá ní Àgùdà ló kọ́ ìyẹn náà, João Baptista da Costa, 1894 ni wọ́n ṣí i, ó ju tiwa lọ lọ́jọ́ orí. Obìnrin náà ní láti ọdún yìí wá òun ò bi ara òun rí pé kí ló dé tó fi jọ ṣọ́ọ̀ṣì. Kí n sọ òótọ́, ìyẹn tù mí nínú díẹ̀. Àmọ́ nígbà tí mo tún ronú, ó tún dùn mí sí i, torí ẹlẹ́rìí wà ládùúgbò ẹ̀, ó sì tún gba tèmi gbọ́ torí pé èmi ni onílé, òun lálejò.

Ọ̀rọ̀ agogo ló wá kù. Mi ò fẹ́ bi í lójú àwọn èèyàn yẹn. Mo sún mọ́ ọn, mo rọra bi í pé Bàbá, agogo tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ ńkọ́, tí mo fi etí ara mi gbọ́ ní kékeré. Ó ní báwo ni mo ṣe gbọ́ ọ. Mo ní mo fi etí lé ògiri. Ó ní aago mélòó. Mo ní ìrọ̀lẹ́, tó bá ku díẹ̀ kí oòrùn wọ̀. Bàbá yẹn rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí ẹ̀. "Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́! Agogo àwọn Fadá ni! Wọ́n ń lù ú láàárọ̀, wọ́n ń lù ú lọ́sàn-án, wọ́n ń lù ú nírọ̀lẹ́, afẹ́fẹ́ ló ń gbé e wá. Ṣebí tó o bá yọ etí kúrò lára ògiri wàá ṣì máa gbọ́ ọ?"

Ó di ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta báyìí, mi ò rántí yọ etí kúrò.

Ọmọ kékeré yẹn bá gbójú sókè, ó ní, "Mọ́mì, ṣé bọ̀dá yìí purọ́ fún wa ni?" Ìyá ẹ̀ fún un ní ojú, àmọ́ ọ̀rọ̀ ti jáde. Wọ́n pe ìrun, Bàbá dìde, ó bu omi, ó wọlé. Mo gbé wọn padà síbi tí wọ́n ti máa wọ mọ́tò, ọkọ yọ 500 sẹ́fà lé owó mi bíi ti ìṣe, mi ò gbà á. Ọ̀rẹ́ mi tá a jọ gbé wọn gbà á ní tiẹ̀, ó ní òun ò bá wọn sọ̀rọ̀ kankan ní tòun.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn mo pe ẹ̀gbọ́n mi lórí WhatsApp, Libreville ní Gabon ló wà, ó ti pẹ́ níbẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò ṣe mí dáadáa o." Mo rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó dákẹ́, mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti já, àfi ìgbà tó ní, "Èmi? Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀? Mi ò rántí o." Kò rántí! Ó ní òun mọ̀ pé a máa ń jókòó síbẹ̀, ó rántí pé ìyá ń lé wa, ó rántí ìgbátí yẹn dáadáa, ó tiẹ̀ tún ń fi rẹ́rìn-ín, àmọ́ agogo kọ́, ṣọ́ọ̀ṣì kọ́. Ohun tó sọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tó sì gbàgbé, ìyẹn ni mo gbé kiri ìlú títí mo fi hu ewú.

Àbúrò bàbá mi ló kù láyé nínú àwọn àgbà ilé wa. Mo lọ bá a lọ́jọ́ kejì. Kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ jìnnà tó fi ní, "A mọ̀ ṣe. Àwọn Àgùdà ló kọ́ ọ. Bàbá ẹ náà mọ̀. Ẹ ò bi wá." Ó wá ní ìyá wọn, ìyẹn ìyá bàbá mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, máa ń sọ pé ìkòkò omi lòun fi ń ru omi lọ sọ́dọ̀ àwọn bírìkìlà nígbà tóun ṣì jẹ́ ọmọdébìnrin, àwọn máa ń tò lẹ́sẹẹsẹ láti ibi kànga, bí ẹnì kan bá dà tiẹ̀ nù lọ́nà, á padà lọ pọn ọ́n. Mo mọ ìyá yẹn. Mo ti jókòó sórí itan ẹ̀. Mo sì ń sọ fáwọn ará Èkó pé Potogí ló kọ́ ọ.

Ìyàwó mi, ọmọ Kétu, fi mí ṣẹ̀sín fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, tó bá gbé oúnjẹ wá á ní "ẹ wá jẹun, agogo ti lù." Ọjọ́ kẹrin ni mo bi í nípa Àkábà Ìdènà, ẹnu ọ̀nà odi ìlú wọn, tó ti ń fi yangàn fún mi látìgbà tá a ti fẹ́ra pé láti kékeré lòun ti mọ̀ pé ọ̀tá kan ò gbabẹ̀ kọjá rí. Mo ní 1886 ńkọ́, nígbà tí Dàhòmì wọ Kétu, tí wọ́n sun ún, tí wọ́n kó èèyàn lọ sí Àbọ̀mé, olú ìlú wọn? Ó ní wọn ò gba ibẹ̀. Mo ní ibo ni wọ́n wá gbà? Ó ní kí n jẹ ẹ̀kọ mi.

Ohun kan ṣì wà tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni nílé. Wọ́n ti kọ́ mọ́ṣáláṣí tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí àtijọ́, ibẹ̀ la ti ń kírun báyìí. Tá a bá jókòó lẹ́yìn ìrun tọ́rọ̀ èyí àtijọ́ bá ṣẹlẹ̀, pé ọ̀dà ń ṣí, pé ògiri ń sán, èmi wà lára àwọn tó máa ń ní kí wọ́n wó o dànù jàre. Mo máa ń pè é ní mọ́ṣáláṣí tòkunbọ̀, bíi mọ́tò táwọn kan ti lò tẹ́lẹ̀ lókè òkun, àwọn èèyàn máa ń rẹ́rìn-ín. Bó ṣe jẹ́ pé àwọn tó kọ́ ọ ló ti òkun bọ̀ lóòótọ́, ìyẹn ò kọjá lọ́kàn mi rí. Mi ò tíì mọ bí mo ṣe máa padà lọ sọ fún wọn níbẹ̀. Ó rọrùn fún mi láti kọ ọ́ sí yín.

Torí náà ẹ̀yin tí mo gbé, ẹ̀yin ará Èkó, ẹ̀yin ará Ẹ̀gbá, ẹ̀yin ẹgbẹ́ ìyá ọlọ́jà tẹ́ ẹ ti Ìbàdàn wá nínú bọ́ọ̀sì funfun tí mo tò lẹ́yìn ara mi láti ààfin títí dé ọjà, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì, kò fìgbà kankan jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹnikẹ́ni ò rà á, Àgùdà ló kọ́ ọ, Mùsùlùmí wà nínú wọn, àwọn èèyàn wa ni. Tẹ́ ẹ bá ti sọ ọ́ fún ẹlòmíì, ẹ bá mi pè é padà.

Ẹnì kan ló ń jẹ mí lọ́kàn jù. Tíṣà kan ni, Ìjẹ̀bú ló ní òun ti wá, ó á ti pé ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin. Obìnrin tó fara balẹ̀ ni, ó ní ìwé kékeré kan lọ́wọ́ tó ń kọ nǹkan sí, gbogbo ohun tí mo sọ ló kọ, ó tún ní kí n tún iye àpò owó ẹyọ yẹn pè kí òun má baà ṣì í, ó ní òun máa fi kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì òun. Mo sì tún un pè fún un! Ẹ̀yin tíṣà, tẹ́ ẹ bá rí ìwé yìí, ojú ewé tẹ́ ẹ kọ Àjàṣẹ́ sí yẹn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi bírò fa igi lé e lórí. Tẹ́ ẹ bá tún wá, ẹ béèrè èmi tí eyín iwájú ẹ̀ kán, wọ́n á júwe mi, mi ò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín.

Èmi ni, oní-zẹ́mì kan ní Àjàṣẹ́.